Bí A Ṣe Ń Wá Agboolé Gálásì Tó Wà Lókèèrè Réré, Láti Inú Yàrá Kan ní Òṣogbo

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi ní Òkè-Fìà lálẹ́ ọjọ́ Sátidé máa ń bi mí ni pé, "Tíṣà, níbo la ti fẹ́ rówó ra awò awọ̀nàjíjìn?" Ìdáhùn mi kì í yí padà: ẹ má rà á. Agboolé gálásì tí mo fẹ́ kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa wá, ìmọ́lẹ̀ wọn ti rìn fún ọdún bílíọ̀nù 5 sí 8.5 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Awò tí owó oṣù olùkọ́ lè rà kò ní rí wọn láéláé. Ṣùgbọ́n àwọn awò ńláńlá tó wà lórí òkè ní Chile àti ní Arizona, àtàwọn tó ń yípo lókè ọ̀run, ti ya àwòrán wọn tán. Àwòrán náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tó máa jókòó tì í, tó máa wò ó fínnífínní, tó sì máa kọ̀ láti gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ títí ẹ̀rí kejì àti ẹ̀kẹta yóò fi dé.

Mo tẹnu mọ́ ẹ̀rí nítorí pé mo ti tan ara mi jẹ rí. Màá sọ ọ́ nígbà tá a bá débẹ̀.

Ohun tí à ń wá gan-an

Gálásì ni ìdìpọ̀ ìràwọ̀ bíi ti Milky Way tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀, tí ìràwọ̀ inú rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 100. Gálásì kì í sábà dá gbé. Bí ilé púpọ̀ ṣe ń kóra jọ di agboolé, bẹ́ẹ̀ ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún gálásì, nígbà mìíràn ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ṣe ń gbé ojú kan, tí òòfà (gravity, agbára tó ń fa ohun gbogbo sọ́dọ̀ ara wọn) so wọ́n mọ́ra wọn. Èyí ni mo ń pè ní agboolé gálásì. Èyí tó sún mọ́ wa jù nínú àwọn ńlá ni ti Virgo, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gba nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 54 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ilé tí ojú ń rí nínú agboolé yìí ló fúyẹ́ jù níbẹ̀. Bí a bá gbé gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 ni dark matter, ohun tí kò tàn, tí kò sì dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Gáàsì gbígbóná tó kún àárín àwọn gálásì ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Ìràwọ̀ kò ju ìdá díẹ̀ lọ. Fritz Zwicky ló kọ́kọ́ fura ní 1933: ó wo bí àwọn gálásì inú agboolé Coma ṣe ń sáré, ó rí i pé eré wọn ti pọ̀ jù fún ìwọ̀n ohun tó ń tàn níbẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé nǹkan mìíràn tó wúwo di wọ́n mú, wọn ì bá ti tú ká tipẹ́.

Kí ló dé tí a fi ń wá àwọn tó jìnnà? Àgbáálá ayé ti tó ọdún bílíọ̀nù 13.8. Agboolé ńlá kì í ṣe ohun tó ń hù lọ́jọ́ kan. Àwọn kékeré ló ń ya wọ inú ara wọn títí wọ́n á fi di ńlá. Ẹni tó bá wá rí agboolé tó ti wúwo gan-an nígbà tí ayé ṣì kéré, ohun tó ṣọ̀wọ́n ló rí, iye irú wọn tó wà sì ń sọ fún wa bí dark matter ti pọ̀ tó, àti bí àgbáálá ayé ṣe ń fẹ̀. El Gordo, tí wọ́n kéde ní 2012, wúwo ju oòrùn tírílíọ̀nù 2,000 lọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ti rìn fún ohun tó lé ní ọdún bílíọ̀nù 7. IDCS J1426.5+3508 tún jìnnà jù ú lọ: ọdún bílíọ̀nù 10, síbẹ̀ ó tó oòrùn tírílíọ̀nù 500.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ohun èlò

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí RAM rẹ̀ tó 8GB ti tó. Ẹni tí kò ní, fóònù rẹ̀ lè ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, nítorí orí búráúsà ni a ó ti máa wo àwòrán. Ẹ ṣí Sky Viewer, ojúlé tí a ti ń wo àwòrán ojú ọ̀run tí iṣẹ́ Legacy Surveys yà, ibẹ̀ ni ilé wa. Ẹ fi Aladin Lite, tí wọ́n ń bójú tó láti Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. NED àti SIMBAD ni a ó ti máa bèèrè bóyá ẹnì kan ti mọ ohun tí a rí. Fún ìṣirò, ẹ gba TOPCAT (ó nílò Java), ẹni tó bá mọ Python díẹ̀ kó fi Astropy kún un. Bí kọ̀ǹpútà yín bá lọ́ra, ẹ lo Google Colab: ọ̀hún ni ìṣirò ti ń ṣẹlẹ̀, èsì nìkan ló ń padà wá.

Ẹ má gbìyànjú láti kó gbogbo àkójọ gálásì sílẹ̀. Owó dátà yín á tán, iná á sì lọ kí ó tó parí. Ẹ̀yà kékeré tó yí ibi tí ẹ ń wò ká ni kí ẹ béèrè, àárín òru tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúyẹ́ ló dára jù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ́ ojú yín

Kí ẹ tó wá èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ẹ wo àwọn tí gbogbo ayé ti mọ̀, láti èyí tó súnmọ́ lọ sí èyí tó jìnnà. Ẹ tẹ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sínú Sky Viewer, RA (ipò láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ojú ọ̀run, ní digiri) ṣáájú, Dec (ipò láti gúúsù sí àríwá) tẹ̀lé e: Coma, 194.95 àti +27.98. Abell 370, 39.97 àti −1.58. El Gordo, 15.72 àti −49.25. MOO J1142+1527, 175.69 àti +15.45.

Ẹ lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní Coma, gálásì tóbi, wọ́n rí bí ẹyin, àwọ̀ wọn jọ ti oyin. Ní Abell 370 wọ́n ti kéré, àwọ̀ wọn ti ń lọ sí ọsàn, ẹ ó sì rí ìlà kan tó tẹ̀ bí ọrun: gálásì mìíràn ni, tó wà lẹ́yìn agboolé náà, tí òòfà agboolé fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tẹ̀. Ní El Gordo, àmì pupa kéékèèké lẹ ó rí. Nígbà tí ẹ bá dé MOO J1142+1527, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rìn fún ọdún bílíọ̀nù 8.5, ohun tó kù kò ju àmì pupa bíi mélòó kan tó rọra wà níbẹ̀. Ọmọ kan sọ pé, "Sà, kò sí nǹkan kan níbí." Ó tọ̀nà pé ojú lásán kò tó. Nítorí náà ni ìgbésẹ̀ kẹta ṣe wà.

Díẹ̀ lórí ojú ọ̀run wa níbí. Virgo ló rọrùn jù láti fi awò kékeré rí nǹkan kan nínú rẹ̀ láti Òṣogbo. Ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, lẹ́yìn tí òjò àkọ́kọ́ bá ti fọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú sánmà, agboolé yẹn máa ń kọjá nítòsí àtàrí wa gan-an. A ti jáde sí ọ̀nà Ìkìrun pẹ̀lú awò kékeré tí a yá, a sì rí M87, ọ̀kan nínú àwọn gálásì tó tóbi jù lọ́hùn-ún, bí owú kékeré kan nínú òkùnkùn. Inú gálásì yẹn ni ihò dúdú (black hole, ohun tí òòfà rẹ̀ lágbára débi pé ìmọ́lẹ̀ kò lè jáde nínú rẹ̀) tí wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ jáde ní 2019 wà. Àwọn ọmọ náà ò fẹ́ padà sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé mi ò kórìíra awò. Iṣẹ́ tiwa yìí ló ju agbára rẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá àwọn tó ti inú ìkòkò aró kan náà jáde

Òṣogbo ìlú aró. Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tó ti ń rẹ aṣọ láti ìgbà èwe wọn. Mo kó aṣọ mẹ́fà lọ bá wọn lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú ìwọ̀nyí ló ti inú ìkòkò kan náà jáde?" Wọ́n gbé wọn sí oòrùn, wọ́n yẹ etí wọn wò, wọ́n yọ mẹ́rin sọ́tọ̀. "Ọmọ ìyá ni àwọn wọ̀nyí. Méjì yìí, èmi ò mọ ibi tí wọ́n ti wá." Lójú tèmi, ọ̀kan náà ni gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Bí a ṣe ń mọ agboolé gálásì nìyẹn. Àwọn gálásì rìbìtì tó wà nínú agboolé kan ti jẹ́ arúgbó. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dá ìràwọ̀ tuntun dúró, ìgbà kan náà sì ni púpọ̀ nínú ìràwọ̀ wọn dé. Nítorí náà àwọ̀ wọn jọra gan-an. Bí a bá fi ìtànyòò wọn sí ìsàlẹ̀ àwòrán ìlà, tí a fi àwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á tò sórí ìlà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tó rọra tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, nígbà tí àwọn gálásì àjèjì fọ́nká sókè sódò. Red sequence ni àwọn onímọ̀ ń pe ìlà náà. Láti 2000 tí Michael Gladders àti Howard Yee ti fi í ṣe ọ̀nà ìwákiri, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá agboolé nínú àwòrán ló ń lò ó lọ́nà kan tàbí òmíràn.

Ibi tó tún wúlò jù: àwọ̀ ìlà náà ń sọ jíjìn. Àgbáálá ayé ń fẹ̀, bó sì ṣe ń fẹ̀ ló ń na ìgbì ìmọ́lẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà. Bí ó ṣe nà tó ni redshift, lẹ́tà z ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Bí z bá jẹ́ 1, ìgbì náà ti di ìlọ́po méjì gígùn tó ní nígbà tó gbéra. Gálásì arúgbó ní ibì kan nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ní nǹkan bí nanometer 400 (nanometer ni òṣùwọ̀n gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀), tí ó ti já wálẹ̀ lójijì, nítorí pé calcium àtàwọn irin mìíràn tó wà lójú ìràwọ̀ ń gbé ìmọ́lẹ̀ tó wà níṣàlẹ̀ ibẹ̀ mì. Ní z = 1, ojú ìjáwálẹ̀ yẹn ti sún lọ sí nanometer 800. Ní z = 1.5, ó ti dé 1,000, ó ti wọ infrared tí ojú èèyàn kò rí.

Àwòrán Legacy Surveys gba inú asẹ́ mẹ́ta kọjá ní pàtàkì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ kí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo wọlé: g, r àti z. (Ẹ ṣọ́ra: asẹ́ z àti z ti redshift kì í ṣe ohun kan náà. Ó ti da ọ̀pọ̀ ọmọ rú, nítorí náà èmi máa ń pe ti àkọ́kọ́ ní "asẹ́ z" ní gbogbo ìgbà.) Asẹ́ méjì tó gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú ìjáwálẹ̀ yẹn ni kí ẹ fi wọn àwọ̀. Fún agboolé tí redshift rẹ̀ wà ní nǹkan bí 0.3, g yọ r ló dára. Láti 0.5 sí 1, r yọ asẹ́ z. Bí ó bá kọjá 1, ẹ mú W1 ti awò WISE wọlé, èyí tó ń wo infrared ní micron 3.4 (micron kan jẹ́ nanometer 1,000). Awò WISE yìí náà ni wọ́n fi rí MOO J1142+1527. Ìràwọ̀ ń tàn jù ní micron 1.6, nígbà tí redshift bá sì ti kọjá 1, ibi títàn náà ti sún dé ibi tí WISE ń wò. Àléébù WISE ni pé ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀: gálásì méjì tó súnmọ́ra máa ń di ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kà wọ́n

Wọ́n ń pín òfúrufú sí digiri, digiri kan sì jẹ́ arcminute 60. Òṣùpá àrànmọ́jú fẹ̀ tó nǹkan bí arcminute 30, kí ẹ fi mọ bí ibi tí à ń wò ti kéré tó. Ní redshift 1, arcminute kan jẹ́ nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ mílíọ̀nù 1.6, àárín gbùngbùn agboolé ńlá a sì wọ inú rẹ̀.

Ẹ lọ sí Astro Data Lab ti NOIRLab, ẹ béèrè gbogbo ohun tó wà láàárín arcminute 6 sí ibi tí ẹ fura sí, láti inú àtẹ tí wọ́n ń pè ní tractor. Ẹ yọ gbogbo èyí tí "type" rẹ̀ jẹ́ PSF, ìyẹn ohun tó rí bí ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ kan, kúrò. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìràwọ̀ inú Milky Way wa níhìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ pín "flux_r" fún "mw_transmission_r" kí ẹ lè mú eruku Milky Way kúrò nínú ọ̀rọ̀, kí ẹ sì yí i padà sí magnitude, òṣùwọ̀n ìtànyòò: 22.5 yọ ìlọ́po 2.5 log rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún asẹ́ yòókù. Ẹ kó o sínú TOPCAT, ẹ ya àwòrán ìlà, kí ẹ wò bóyá red sequence kan yọrí.

Àwọ̀ mélòó ni kí ẹ kà sí pupa? Ẹ má gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, títí kan èmi. Ẹ kọ́kọ́ ṣe é fún El Gordo, tí redshift rẹ̀ jẹ́ 0.87, ẹ kọ àwọ̀ tí ìlà rẹ̀ wà sílẹ̀. Ẹ ṣe é fún mẹ́ta tàbí mẹ́rin mìíràn tí a ti mọ redshift wọn. Láti ọwọ́ ara yín ni òṣùwọ̀n yín á ti wá, ẹ ó sì mọ ibi tó ti lè ṣìnà.

Nígbà tó bá ku kíkà, ẹ ka gálásì tí àwọ̀ wọn bá ìlà náà mu nínú àyíká tí ìdajì ìbú rẹ̀ jẹ́ arcminute 1. Kí ẹ tún ka irú wọn nínú òrùka tó yí i ká, láti arcminute 4 sí 6. Òrùka yẹn fẹ̀ ju àyíká inú lọ ní ìlọ́po 20 gééré. Ká ní ẹ ka 40 nínú òrùka: a jẹ́ pé 2 ni ó yẹ kí ẹ bá láàárín bí kò bá sí agboolé níbẹ̀. Bí ẹ bá ka 14 láàárín, 12 ló lé. Ìyẹn tó láti jókòó tì. Bí ó bá jẹ́ 5, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ máa lọ: gálásì a máa ṣe ọ̀wọ́ kéékèèké níbi gbogbo láìjẹ́ pé wọ́n di agboolé ńlá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: jíjìn, ibi tí mo ti ṣubú

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn mo rí gálásì pupa 16 ní ojú kan. Ìlà wọn fẹ̀ díẹ̀, mo rí i, mo sì fojú fò ó nítorí inú mi ti dùn jù. Mo pe àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, mo fi hàn wọ́n, àwọn ọmọ ti ń wá orúkọ tí a ó sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo NED. Mẹ́wàá nínú wọn ti ní redshift tí àwọn ẹlòmíràn ti wọ̀n: mẹ́fà wà ní 0.62, mẹ́rin ní 0.71. Ẹgbẹ́ kékeré méjì ni, ọ̀kan wà lẹ́yìn èkejì, jíjìn àárín wọn ò ṣeé fẹnu sọ. Ẹni tó bá dúró ní Òkè-Baálẹ̀ lálẹ́ tó ń wo iná ìlú, iná ilé ìtòsí àti ti ilé tó wà ní ìsọdá ìlú á máa fara kanra lójú rẹ̀. Ohun tó ṣe mí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó dùn mí gan-an láti padà lọ sọ fún àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ tó pọ̀ jù lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà, kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ṣe ìṣirò yìí. Ẹ mú redshift gálásì méjì, ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì, ẹ pín in fún redshift agboolé tí a fi 1 kún, ẹ fi 300,000 lọ́po rẹ̀. Ìyàtọ̀ eré wọn ní kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ rí yẹn. Ti tèmi: 0.09 pín fún 1.62, lọ́po 300,000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16,700. Ọmọ agboolé kan náà kì í sábà yàtọ̀ sí àárín rẹ̀ ju 2,000 tàbí 3,000 lọ. Ní redshift 1, kìlómítà 2,000 jẹ́ ìyàtọ̀ 0.013 péré.

Ìyẹn ló fà á tí redshift tí a fi àwọ̀ ṣírò, photo-z, kò fi lè dá ẹjọ́ yìí parí. Àṣìṣe rẹ̀ sábà máa ń ju 0.02 lọ, ó sì ń pọ̀ sí i bí a ṣe ń lọ síwájú. Ó dára fún ṣíṣà, kò tó fún ẹ̀rí. Spectrum ló lè sọ òótọ́: kí a tú ìmọ́lẹ̀ gálásì ká, kí a wá ìlà calcium méjì ní nanometer 393.4 àti 396.8, tàbí ti oxygen ní 372.7, kí a wò ó bí ó ti sún tó. Ẹ wá a nínú SDSS àti DESI, àwọn iṣẹ́ ńlá tó ń wọn spectrum gálásì, èyí DESI tí dátà rẹ̀ àkọ́kọ́ tó pọ̀ jáde ní oṣù kẹta 2025. Ní Sutherland ní Gúúsù Áfíríkà, awò SALT tí dígí rẹ̀ jẹ́ ègé 91 ti wọn redshift irú àwọn agboolé báyìí. Inú mi máa ń dùn láti sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ wa.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wá gáàsì rẹ̀

Agboolé tòótọ́ gbọ́dọ̀ ní gáàsì gbígbóná. Ọ̀nà méjì ló wà láti rí i.

Ti àkọ́kọ́ ni X-ray. Gáàsì yẹn gbóná dé digiri mílíọ̀nù 10 sí 100, X-ray ló sì ń tàn jáde lára rẹ̀. Chandra àti XMM-Newton, awò X-ray méjì tí wọ́n gbé lọ sókè ní 1999, ní àkójọ àwòrán tó ṣí sílẹ̀. Ní 2024, àwọn tó ń lo eROSITA, awò X-ray mìíràn, gbé àkójọ agboolé àti ẹgbẹ́ gálásì 12,247 jáde láti inú ìdajì ojú òfúrufú. Ẹ wò bóyá tiyín wà níbẹ̀. Ẹ kíyè sí ìrísí: gáàsì agboolé máa ń tàn káàkiri bí èéfín, ṣùgbọ́n ihò dúdú tó ń jẹun láàárín gálásì kan ṣoṣo máa ń tàn ní ojú kan bí abẹ́là. Èyí kejì ti gba orúkọ agboolé lọ́pọ̀ ìgbà láìtọ́. X-ray tún ní wàhálà kan: bí agboolé bá ṣe jìnnà tó ni ó ń ṣú tó, ó sì ń yára ṣú.

Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ìmọ́lẹ̀ kan wà tó kún gbogbo ojú òfúrufú láti ìgbà tí ayé ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 380,000. Ó ti tutù báyìí, ó ti di ìgbì rédíò kékeré. Nígbà tí ó bá ń gba inú gáàsì agboolé kọjá, àwọn electron tó gbóná níbẹ̀ máa ń fún díẹ̀ nínú rẹ̀ ní agbára kún agbára. Awò tó bá ń wò ó nísàlẹ̀ 217 GHz á rí i pé ìmọ́lẹ̀ dín kù ní ojú yẹn, bí ihò. Bí ó bá wò ó lókè 217, á rí i pé ó pọ̀ sí i. Rashid Sunyaev àti Yakov Zel'dovich ló sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, orúkọ wọn ló sì ń jẹ́. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé jíjìn kì í mú ihò náà ṣú, nítorí pé àtùpà tó ń tàn wà lẹ́yìn gbogbo agboolé, ì báà súnmọ́, ì báà jìnnà. Ìdí nìyẹn tí awò SPT ní Gúúsù ayé níbi tí yìnyín wà, àti ACT ní aṣálẹ̀ Atacama ní Chile, tó ṣíwọ́ iṣẹ́ ní 2022, fi rí àwọn tó jìnnà tí X-ray kò tètè rí. ACT ló rí El Gordo. Àkójọ ACT tó jáde ní 2021 ní agboolé 4,195, ẹni tó sì ṣáájú iṣẹ́ náà, Matt Hilton, wà ní Yunifásítì KwaZulu-Natal ní Gúúsù Áfíríkà nígbà náà. Ẹ wo àkójọ yẹn ṣáájú èyíkéyìí.

Ìgbésẹ̀ keje: ìwọ̀n rẹ̀

Bí ẹ bá ní redshift ọmọ agboolé 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ lè tẹ̀lé Zwicky. Ẹ wá bí eré wọn ti fọ́nká tó, σ. Ẹ lọ́po σ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ fi 3 àti ìdajì ìbú agboolé lọ́po, ẹ pín in fún G, nọ́ńbà tó ń sọ agbára òòfà. Bí σ bá jẹ́ kìlómítà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, tí ìdajì ìbú jẹ́ megaparsec 1, ìyẹn ọdún ìmọ́lẹ̀ mílíọ̀nù 3.26, tí G sì jẹ́ 4.3 × 10⁻⁹ ní òṣùwọ̀n wọ̀nyí, ẹ ó rí nǹkan bí oòrùn tírílíọ̀nù 700. Ìṣirò àfojúbù ni. Bí agboolé méjì bá ń kọlu ara wọn, bíi ti El Gordo, eré wọn á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìwọ̀n náà á sì wú. Bí òòfà agboolé ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ àwọn gálásì ẹ̀yìn tẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tó dára jù, nítorí pé kò bìkítà bóyá ilé náà fara balẹ̀ tàbí ó ń jà. Ṣùgbọ́n àwòrán Hubble, James Webb tàbí Euclid, àwọn awò tó wà lókè ọ̀run, nìyẹn gbà.

Bí redshift bá kọjá 2

Níbí, ẹ má retí red sequence. Àwọn gálásì ṣì kéré lọ́jọ́ orí, wọ́n ṣì ń bí ìràwọ̀, àwọ̀ wọn kò tíì bára mu. Aṣọ ṣì wà nínú ìkòkò. Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ni à ń wò, kì í ṣe agboolé. Àwọn onímọ̀ sábà máa ń wá gálásì ńlá kan tó ń pariwo lórí rédíò, kí wọ́n wá wo àwọn tó yí i ká. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ ti Spiderweb, ní redshift 2.16. Ní 2023, James Webb fi ẹ̀rí hàn pé gálásì 7 wà pọ̀ ní redshift 7.88, nígbà tí ayé kò tíì ju ọmọ ọdún mílíọ̀nù 650 lọ. Ẹ ka nípa rẹ̀, ẹ gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín 0.5 sí 1.2 ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́ tiyín.

Kíkọ sílẹ̀

Orúkọ agboolé jẹ́ àdírẹ́sì rẹ̀. J0102−4915, ti El Gordo, túmọ̀ sí RA wákàtí 01 ìṣẹ́jú 02 (wákàtí kan jẹ́ digiri 15), Dec digiri −49 ìṣẹ́jú 15. Ẹ fi irú rẹ̀ sọ tiyín lórúkọ. Lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́, iye tí ẹ kà láàárín, iye inú òrùka, asẹ́ tí ẹ lò, ohun tí NED sọ, ohun tí ACT àti eROSITA sọ. Ẹ kọ èyí tó kùnà pẹ̀lú ìdí tó fi kùnà, nítorí pé ẹlòmíràn á tún padà fura sí ojú kan náà. Bí ọ̀kan bá gba gbogbo ìdánwò wọ̀nyí kọjá láìsí nínú àkójọ kankan, ẹ gbé ìwé náà tọ àwọn onímọ̀ físíìsì lọ ní yunifásítì. Fún àwa ará Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà, inú ọgbà OAU sì ni ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ará Áfíríkà ní ìmọ̀ òfúrufú wà.

Títí di ìsinsìnyí, àwọn ọmọ Òkè-Fìà ní mẹ́ta tó ti gba ìgbésẹ̀ kẹrin kọjá. Méjì ti wà nínú àkójọ ACT kí a tó bí àbíkẹ́yìn wọn sínú ẹgbẹ́ wa. Ẹ̀kẹta kò sí nínú èyíkéyìí tí a wò: 11 láàárín, òrùka rẹ̀ sọ pé 2 ló yẹ. Gálásì kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ló ní spectrum, redshift 0.79. A ń dúró de ìkejì.